Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru Lórí Afárá Thamesmead

Mo rántí òtútù kọnkéré yẹn lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi ju bí mo ṣe rántí orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ. Ọdún 1991 ni, ní Thamesmead nílùú òyìnbó. Dókítà di rọ́bà mọ́ mi lápá, ó fẹ́ ẹ títí, ó sì mí kanlẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, pé kí n máa rìn lójoojúmọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọpárọsẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà.

Ṣùgbọ́n ìrìn gan-an ló ń ru ẹ̀jẹ̀ náà. Lórí afárá kọnkéré iwájú ilé wa, àwọn géńdé òyìnbó kan máa ń jókòó ti ajá tó tó ọmọ màlúù. Bí wọ́n bá ti rí aláwọ̀ dúdú, "Gba ìlú ẹ lọ!" ni, wọn á sì dẹ okùn ajá. Èmi tí mo ti sọ fún gbogbo ará ibi iṣẹ́ mi ní Woolwich pé mo fọwọ́ lásán pa ẹkùn rí, ńṣe ni mo máa ń sáré padà wọlé, àyà mi á máa lù kì-kì-kì. Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi ò tíì kọjá ẹnu ọ̀nà tí mo fi rí baba ajá.

Ìyàwó mi fọwọ́ lé ìbàdí. "Daddy, ṣé ajá ló máa wá sọ mí di opó nílùú òyìnbó?"

Nígbà tó di Sátidé, ó kó àwọn ìyá ìjọ Aládúrà wa dé nínú sùtánà funfun, agogo lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n wọ tèmi. A kì í sì í wọ bàtà sí sùtánà. Mo bẹ̀bẹ̀ fún ìbọ̀sẹ̀ lásán, wọ́n ní Ọlọ́run ń wò mí. Báyìí la ṣe gun afárá, èmi láàárín bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé.

"Gba ì..." Ọ̀rọ̀ há sí géńdé kan lẹ́nu. Ìyàwó mi lu agogo: "Halelúyà!" Ẹ gbà mí gbọ́, ajá náà wọ́ olówó rẹ̀ tuurutu, bóyá Belvedere, àdúgbò kejì sí wa, ni wọ́n dúró sí, n ò mọ̀.

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ la ń rìn bẹ́ẹ̀; bí agogo bá ti dún, afárá á ṣófo. Kò pẹ́, ìyá arúgbó òyìnbó ìsàlẹ̀ ilé wa, tí ajá náà ti sé mọ́lé, yọ sí wa nínú aṣọ àwọ̀sùn funfun, láìwọ bàtà. Ó ní, "Mi ò rí yúnífọ́ọ̀mù yín rà. Ṣé èyí á ṣe é?"

Ìyàwó mi ní, "Ó ṣe é, Mummy. Ẹ bọ́ sáàárín."

Nígbà tí mo padà lọ, dókítà fẹ́ rọ́bà, ó gbá ẹ̀rọ tó fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ bí ẹni pé ó ti bà jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀. "Kí lẹ lò?"

Mo ní, "Agogo."

Ó tún rọ́bà náà fẹ́.

Wọ́n ti wó afárá náà báyìí, bàtà ni mo sì fi ń rìn. Síbẹ̀, bí mo bá débẹ̀, àyà mi á kọ́kọ́ lù kì-kì kó tó rántí pé kò sí ajá níbẹ̀ mọ́. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, apá mi ni wọ́n ń wọ̀n. Kò sẹ́ni tó wá wọn afárá.