Ìdánwò Tí Manigri Pè ní Ìtọrọ Ìyàwó

Kí n tó gba ìwé ẹ̀rí, lẹ́tà ni mo máa ń tẹ̀ fún àwọn èèyàn ní Bassila, mo sì máa ń ṣe fọ́tòkópì. Fóònù ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ìyẹn àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé kó tó lè ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ibikíbi tí mo bá kọ̀wé wáṣẹ́ sí, ohun kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Madáàmù, ìwé ẹ̀rí dà?" Ẹnu lásán kò ní òǹtẹ̀.

Mo bá forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Yàrá tí mo háyà ní Bassila fara kan ṣọ́ọ̀bù àwọn ajórinmọ́rin, nítorí náà mo gbé kọ̀ǹpútà mi lọ sílé bàbá mi ní Manigri, níbi tó jẹ́ pé ewúrẹ́ ló ń pariwo jù.

Obìnrin kan ló ń ṣọ́ ìdánwò náà láti ibi tí n kò mọ̀. Ó ń fi kámẹ́rà wò mí, ó sì ń fi Faransé bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé, ojú mi kò sì gbọdọ̀ kúrò níwájú kámẹ́rà. Lẹ́yìn náà ló ní kí n fi yàrá han òun. Nígbà tí a dé abẹ́ ibùsùn, ó ní:

"Kí nìyẹn?"

"Iṣu ni, madáàmù."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Ibẹ̀ ni bàbá mi ń tọ́jú wọn sí."

Ó ní kí n kó wọn síta, kí òun lè rí i pé kò sẹ́ni tó sá pamọ́ sẹ́yìn wọn. Mo kó iṣu títí ìbàdí fi ń ro mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jókòó ti ìdánwò tí wọ́n ní ọpọlọ nìkan ló ń fẹ́.

Mo ti wọ inú rẹ̀ dáadáa nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ló wọlé. Kí n tó ronú, orúnkún mi ti kanlẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, Ìyá Àgbà."

"Madáàmù? Madáàmù, ibo lẹ wà?" Ohùn aṣọ́dánwò ló ń jáde nínú kọ̀ǹpútà.

Ìyá Àgbà wo àga tó ṣófo, ó wo ẹ̀rọ. "Ta nìyẹn? Mo wọlé, kò lè kí mi?" Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí i fúnra rẹ̀, bóyá ojú á tì í. Ó kí i kú iṣẹ́, ó kí i kú ilé, ó béèrè àwọn ọmọ. Ó ṣì ń béèrè ọkọ nígbà tí obìnrin náà fagi lé ìdánwò mi.

Mo sunkún. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, Ìyá Àgbà béèrè pé:

"Ṣé wọ́n á jẹ́ kó o tún un ṣe?"

"Wọ́n á jẹ́ kí n tún un ṣe."

"Ó dáa. Ẹni tó bà á jẹ́ ló máa ṣọ́ ọ."

Lọ́jọ́ tí mo tún ìdánwò náà ṣe, ó gbé àga síwájú ilẹ̀kùn mi. N kò béèrè ohun tó máa sọ fún àwọn èèyàn. Gbogbo agbo ilé pa rọ́rọ́. N kò gbọ́ odó, n kò gbọ́ ẹkún ọmọ. Nígbà tí mo parí, èsì yọ lójú ẹ̀rọ: mo yege. Mo ṣílẹ̀kùn, mo bá ìdajì àdúgbò lórí ẹní, gbogbo wọn múra bí ẹni ń lọ kírun yídì. Bàbá mi kò tilẹ̀ lọ sóko.

"Báwo ló ṣe rí?" ó béèrè.

"Wọ́n ti gbà mí!"

Àwọn obìnrin figbe ayọ̀ ta. Ẹnì kan ṣàdúrà pé kí n fi ìbejì bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ara ti fu mí. Mo wo Ìyá Àgbà, ó ń wo ojú ọ̀run.

"Mo ní àwọn àna ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ láti Cotonou," ó sọ sí mi létí. "Tí mo bá ní ìdánwò ni, ta ló máa dákẹ́?"

Mo ṣàlàyé títí. Bàbá mi fajú ro, àmọ́ àwọn obìnrin ní àwọn kò lè gbé igbe tí àwọn ti ké mì padà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ kan tó ń ra kajú. Wọ́n pè mí. Ọ̀gá ibẹ̀ kò fọ̀rọ̀ bò: "Ká ní ìwé ẹ̀rí yìí kò sí níbẹ̀ ni, a ò ní ka lẹ́tà yín délẹ̀." Síbẹ̀ ó gbé ètò kan tó ti bàjẹ́ síwájú mi, ó ní kí n tún un ṣe lójú òun. Ìwé ẹ̀rí ti ṣílẹ̀kùn fún mi, ṣùgbọ́n kò bá mi wọlé. Ohun tó gbà mí ni àṣà tí mo kọ́ nígbà tí mò ń múra ìdánwò, pé kí n máa fi sùúrù ka àṣìṣe ẹ̀rọ dípò kí n máa bú u. Wọ́n gbà mí síṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún ní kí n bá òun tẹ lẹ́tà.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ mi ni ètò orí fóònù tó ń gba ìwọ̀n kajú àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀, kódà níbi tí kò ti sí rẹ́súù, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì. A gbé e lọ sí abúlé Doguè láti dán an wò.

"Ṣé ó mọ kajú lóòótọ́?" àgbẹ̀ kan béèrè.

"Ó mọ̀ ọ́n dáadáa," mo fi ìgbéraga dáhùn.

Wọ́n forí korí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ni èyí tó sanra jù nínú wọn bá gun òṣùwọ̀n. Ẹni tó ń bá wa wọn kajú tẹ ìwọ̀n rẹ̀ sínú fóònù. Fóònù gbà á wọlé, ó sì fi Faransé dúpẹ́. Ẹ̀rín bú sáyé.

"Madáàmù, ẹ máa gbé e lọ, ẹ ti rà á!"

"Ẹ má dá a padà o," ìyàwó rẹ̀ pariwo láti ẹ̀yìn.

Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo jókòó sábẹ́ igi kajú, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Ọkùnrin náà gbé omi wá fún mi, ó sì lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ mi.

"Kí ló tiẹ̀ sọ nípa mi?"

"Ó ní kajú tó dáa ni yín, ẹ sì gbẹ dáadáa."

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ má pa ìyẹn rẹ́."