Páìpù Tí Ọ̀yà Ń Gbà Kọjá

Bí mo bá rí bàtà òjò lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni, àǹtí tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi ní Máfolúkù ni mo máa ń rántí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ya àwòrán ibi tí ẹranko ń gbà nínú àbàtà lọ́nà Ìsọlọ̀, kí àwọn tó ń ṣe títì má bàa dínà mọ́ wọn. Tí mo bá tẹ̀ lé e débẹ̀, á fà mí sẹ́yìn: "Má tẹ ojú ẹsẹ̀ ọ̀yà yẹn, jàre!"

Ó bẹ àwọn oníṣẹ́ títì títí wọ́n fi ri páìpù ńlá sábẹ́ ọ̀nà. Ọ̀yà sì ń gbabẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó ń mú gbogbo ará ilé wa lọ wò ó.

Kò pẹ́, bùọ̀dá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nílé wa gbé abọ́ ẹran wá fún un.

"Àǹtí, páìpù yín mà dáa o! A ò wá ọ̀yà kiri mọ́, ẹnu páìpù la dẹ tàkúté sí. Ẹ gba tiyín, ẹ̀yin lẹ kúkú la ọ̀nà."

Àǹtí ò fọwọ́ kan ẹran náà. Ó wọ bàtà òjò, ó lọ tú tàkúté. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti dẹ òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ló ń tú u, tí wọ́n ń dẹ ẹ́, títí àǹtí fi kó kúrò nílé wa.

"Èmi fúnra mi ni mo fi ibẹ̀ hàn wọ́n," ló máa ń sọ.