Awọ Tí Mo Gbìn ní Àkúrẹ́

Ní ọdún tí à ń tò sórí ìlà kí a tó rí kẹrosíìnì, tí àwọn kan sì ń po bẹntiróòlù mọ́ ọn, sítóòfù bú gbàmù mọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi lára nílùú Oǹdó. Ìyá Oǹdó la máa ń pè é. Iná jó o láti ọrùn dé ìbàdí.

Àkúrẹ́ ni mo wà, mò ń ṣe ìwádìí fún oyè kejì ní yunifásítì. Sẹ́ẹ̀lì awọ ehoro ni mo máa ń dà sínú abọ́ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi pólímà, èròjà kan bí ike tín-ín-rín, pa nínú. Bí abọ́ náà bá móoru bí ara ènìyàn, àwọn sẹ́ẹ̀lì á lẹ̀ mọ́ ọn, wọn á máa pọ̀ sí i títí wọn á fi so pọ̀ bí aṣọ. Bí a bá wá gbé e síbi tútù, pólímà yẹn á fa omi, á sì jọ̀wọ́ wọn. Odidi awọ á ṣí kúrò láìya, láìfi ọ̀bẹ kàn án.

Mo ti fi èyí yangàn létí ìyá mi rí. Ìdí nìyẹn tó fi dì mí lọ́wọ́ mú lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn ní Oǹdó.

"Ìwọ lo sọ pé awọ lo ń gbìn. Gbin ti ẹ̀gbọ́n mi."

"Màámi, ti ehoro ni. A ṣì ń dán an wò ni, a ò tíì fi lé ara ẹnì kankan."

"Ìgbà wo ló máa wá kan ènìyàn?"

Nígbà tí mo wọlé, Ìyá Oǹdó kàn bi mí pé, "Ṣé o ti jẹun?"

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń pọnmi, tí mo fi ń wá oògùn tí ilé ìwòsàn ò ní káàkiri ìlú. Mo ti ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí bá mi mójú tó àwọn abọ́ náà.

Nígbà tí mo padà dé Àkúrẹ́, ó ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìwádìí.

"Láti àná ni ò ti síná. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì dé àdúgbò Ìjàpọ̀, n ò rí epo fún jẹnẹrétọ̀."

Mo ṣí àpótí tó yẹ kó máa mú wọn móoru. Ó tutù. Gbogbo awọ náà ti ṣí, wọ́n léfòó, wọ́n ká jọ bí èyí tó máa ń dì sórí ẹ̀kọ tó bá tutù. Wọ́n ti kú. Àwọn abọ́ náà ò jẹ̀bi: òtútù mú wọn, wọ́n jọ̀wọ́ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Òkè òkun ni wọ́n ti ń wá, kò sì sí òmíràn.

Ọ̀gá tó ń bójú tó ìwádìí mi yẹ àwọn abọ́ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí," ló wí.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, egbò Ìyá Oǹdó kẹ̀, ó sì kú. Màámi ò dá mi lẹ́bi. Kò kàn tún béèrè iṣẹ́ mi mọ́ láéláé ni, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Iṣẹ́ mìíràn tí kò nílò iná ni mo fi gba oyè náà. Màámi wá síbi ayẹyẹ ìgboyè náà, ó jókòó lẹ́yìn pátápátá.