Bàbá Bíréèkì àti Àmín Ìgbìmọ̀

"Rárá o!"

Àárín àdúrà ni Bàbá Bíréèkì ti lọgun bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbìmọ̀ alákòóso ilé-ìwé ìjọ ti dìde, wọ́n ti dijú, alága sì ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé, "Olúwa, a dúpẹ́ tí ohùn wa ṣọ̀kan, pé kí arábìnrin wa, ọ̀gá ilé-ìwé, gbé iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tó kéré sí i..."

"Bàbá, àdúrà là ń gbà!"

"Èmi náà ń gbà á. Olúwa, jọ̀ọ́, má tíì dá alága lóhùn. Kò tíì bi wá."

Ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó di ẹ̀yìn àga mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó fẹ́ dànù. Láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú ló ti ń sin ilé-ìwé náà. Wọn ò pè é jókòó bá a sọ̀rọ̀. Inú àdúrà ló ti ń gbọ́ pé wọ́n ti lé òun. Ta sì ni ẹni tó kéré tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀? Àbúrò ìyàwó alága! Ẹ ò rí nǹkan!

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ìgbìmọ̀ yẹn kì í dìbò, wọn kì í jiyàn. "Ilé Ọlọ́run kì í ṣe ilé òṣèlú," alága á wí. Ohun tó bá wà lọ́kàn rẹ̀, á ki í bọ inú àdúrà ìparí. Bí gbogbo wọn bá ti ṣe àmín, ó parí. Bí àmín ò bá sì pé, ìpàdé ò gbọdọ̀ tú. Ta ló fẹ́ dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá dárúkọ Jésù? Bàbá Bíréèkì nìkan ni. Awakọ̀ àjàgbé ni kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló ń ṣojú àwọn òbí. Ó ní òun ò wọ ọkọ̀ tí ò ní bíréèkì rí, òun ò sì ní í wọ̀ ọ́ nítorí pé Ọlọ́run wà níwájú.

Lọ́jọ́ tó lọgun náà, tipátipá ni gbogbo wọn fi ṣe àmín sí i pé kí ọ̀rọ̀ náà di ìpàdé mìíràn. Alága wá dọ́gbọ́n: ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún Bàbá ló fi ìpàdé sí. Ọ̀gá ilé-ìwé ti kó ẹrù rẹ̀ sínú páálí kó tó wá sí ìpàdé. Àfi bí ilẹ̀kùn ìpàdé ṣe ṣí, tí Bàbá wọlé, báńdéèjì lójú kan.

"Bàbá, ṣé dókítà ò ní kẹ́ ẹ sinmi ni?"

"Ó ní kí n sinmi ojú kan. Èyí tó ṣẹ́kù ni màá fi máa ṣọ́ yín."

Wọ́n dìde fún àdúrà ìparí. Alága rọra gbà á gba ẹ̀yìn: "Olúwa, fún arábìnrin wa ní ìsinmi..."

"Ọ̀gá," Bàbá kọjú sí i, "ṣé ó rẹ̀ ọ́ ni?"

"Kò rẹ̀ mí, Bàbá."

"Olúwa, o ti gbọ́."

Alága tún un bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Bàbá ò ṣe àmín. Ó tún un. Bàbá pa ẹnu mọ́. Kò sẹ́ni tó lè jókòó, kò sẹ́ni tó lè jáde. Ẹsẹ̀ akápò, ọkùnrin tó tóbi bí kọ́bọ́ọ̀dù, bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nígbà tó yá, ó lajú.

"Alága, ẹ dákun, orúnkún mi ò lè bá yín débẹ̀. Ẹ jẹ́ ká nawọ́. Ta ló fẹ́ kí ọ̀gá lọ?"

Ọwọ́ alága nìkan ló lọ sókè. Gbogbo àwọn tó ti ń ṣe àmín látọjọ́ yìí kò nawọ́!

"Àmín," ni Bàbá wí, ó sì jókòó.

Nígbà tí àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé lọ kí i. Ó kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. "Bàbá, ìfẹ́ tẹ́ ẹ ní sí mi yìí..."

"Ìfẹ́ wo? Ìwọ tí o dá ọmọ-ọmọ mi padà sílé nítorí ìbọ̀sẹ̀? Mi ò tiẹ̀ gba tìẹ! Ṣùgbọ́n kí wọ́n bi mí kí wọ́n tó fi ẹnu mi bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó di ẹkún. Bàbá na ọwọ́ tó ti rù, ó fi etí aṣọ ìbora nu ojú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Bàbá dágbére fáyé. Títí dòní, bí ọmọ kan bá dé láìwọ ìbọ̀sẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á kọ́kọ́ bi í pé, "Kí ló dé, ọkọ mi?" Á sì dúró gbọ́ èsì.