Wọ́n Ní Kí Àgbá Jò Kí Salahudeen Tó Kọ̀wé

Salahudeen wolé-wolé ti kú. Èéfín kẹ́míkà ló pa á, láti ara ìdọ̀tí tí ilé-iṣẹ́ kan ń kó dà sọ́nà Iyere. Ẹ má bá mi sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ọlọ́run kọ́ ló to àgbá kẹ́míkà sókè odò.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Tó bá rí ìdin nínú kòtò yín, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mú ìgbálẹ̀, yóò sì máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ títí ẹ ó fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ó rí i pé àwọn àgbá náà ti dógùn-ún nídìí, ó sì kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé bí òjò ńlá bá rọ̀, wọn yóò jò sódò. Ẹ gbọ́ èsì wọn: "Kò tíì jò. Kí lo wá ń kọ̀wé sí?" Ṣé ìgbà tí iná bá jólé tán là á kìlọ̀?

Òjò rọ̀. Àwọn obìnrin wà lódò, wọ́n ń fọ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ fún fùfú. Àbúrò mi Olúfúnmilọ́lá wà níbẹ̀. Òórùn kan ta wọ́n nímú, wọn ò mira. Ta ni kò mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ ọjọ́ kẹrin máa ń rùn? Salahudeen ló sáré dé, ó fi fìlà bo imú, torí wọn ò fún un ní ìbòmú rí.

"Ẹ gòkè! Kì í ṣe ẹ̀gẹ́ ló ń rùn!"

"Ẹ̀gẹ́ tó ti kan ni, bàbá. Ẹ jẹ́ ká fọ̀ ọ́ tán."

Ó wọdò, ó ń fà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun ló jáde kẹ́yìn. Ọjọ́ kẹta ló kú.

Ọjọ́ fídáù rẹ̀ ni lẹ́tà àwọn ọ̀gá rẹ̀ dé ọwọ́ Lábísí, ìyàwó rẹ̀: kí Salahudeen wá ṣàlàyé ìwé tó kọ. Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé inú sàréè ni kó ti wá?

Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò fi bò. Àbúrò mi ṣì ń wúkọ́. Àwọn àgbá tó kù ṣì wà lókè odò, òjò sì ń ṣú lójoojúmọ́. Bí mo bá bu omi kànga sífe, mo máa ń wò ó títí kí n tó mu ún.

Ẹ kó àgbá wọ̀nyẹn kúrò lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ yẹ omi wa wò, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí. Ẹni tó fún Salahudeen lésì yẹn ní orúkọ, ó sì ní ọ́fíìsì. Kó wá bu omi odò yìí mu lójú Lábísí, tàbí kó lọ wí tẹnu rẹ̀ níwájú adájọ́.