Ẹ̀gbà Ọwọ́ Kan Lójú Irin Amùkòkò

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Àpápá, mo sì ti gbà lọ́kàn ara mi pé kò sí ọkọ̀ ojú irin tí ó tún lè yà mí lẹ́nu láyé. Àṣìṣe ni mo ṣe. Lọ́sàn-án Sátidé kan láìpẹ́ yìí, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Amùkòkò bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọ Èkó, mo ń wo ọkọ̀ ojú irin tí kò gùn ju apá mi lọ, tí ó ń sáré kiri orí tábìlì.

Wẹ́dà kan, ajórin tí ó ti fẹ̀yìn tì, ni ó ṣe é. Èmi àti òun la jọ máa ń ka ìwé ìròyìn lábẹ́ igi ní Malu Road. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n ìjọ náà yọ̀ǹda gbọ̀ngàn wọn fún un kí ó lè pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Agolo mílíìkì ni ara ọkọ̀, ìdérí ìgò ni ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀pá agbòòrùn àlòkù ni ó sì tẹ́ ṣe réèlì. Agolo tòmátò tí ó kùn ní funfun ni ó fi ṣe àwọn táǹkì epo ńláńlá tí ó wà ní Kirikírì.

Ọdún mẹ́rin ni iṣẹ́ yìí gbà, inú yàrá tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń sùn ni ó sì ti ṣe é. Ìyàwó wí pé òun ti sùn ti Kirikírì tó gẹ́ẹ́: bí tábìlì náà kò bá ríbi lọ lọ́jọ́ yẹn, kí ó tú u palẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni ìrètí tí ó kù. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí ní yàrá tí ó ṣófo. Obìnrin náà ti wí pé òun yóò wá wò ó ní aago mẹ́rin, ṣùgbọ́n òun kò ní gbé ohun tí ń forí gbárí síwájú ọmọ ọlọ́mọ.

Wàhálà sì nìyẹn. Ọkọ̀ méjì ni ó wà, ọ̀kan ń bọ̀ láti èbúté, èkejì ń bọ̀ láti ìgboro, afárá tí ó wà láàárín wọn kò sì gbà ju ọ̀kan lọ. Wẹ́dà ń fi bọ́tìnnì kan darí ti èbúté. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, awakọ̀ tírélà kan, ń fi bọ́tìnnì kejì darí ti ìgboro. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi dúró, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ̀ méjèèjì kọlu ara wọn.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ fọn fèrè!" awakọ̀ náà pariwo.

"Fèrè wo? Ẹnu lo fi fọn ọ́n!" wẹ́dà dá a lóhùn.

"Fèrè ni fèrè. Ní Malu Road, ẹni tó bá kọ́kọ́ fọn ló lọ̀nà. Abeg, má bá mi jà."

"Ìwọ tó ti ń wa tírélà láti ọgbọ̀n ọdún, ta lo tíì fún lọ́nà rí?"

"Ìyàwó ẹ. Lánàá. Ó ru omi."

N kò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo sọ fún wọn pé fèrè kọ́ ni ó ń ṣí ojú irin. Láyé tiwa, níbi tí ojú irin bá ti jẹ́ ẹyọ kan, òrùka ńlá kan wà tí ọ̀gá ibùdó máa ń na sókè. Awakọ̀ ojú irin yóò yọ apá láti ojú fèrèsé, yóò sì fi apá kọ́ ọ bí ọkọ̀ ti ń lọ. Òrùka náà kì í ju ẹyọ kan lọ. Bí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ, bí o tilẹ̀ fọn fèrè títí di alẹ́, ìwọ yóò dúró ni. Ó ti bó mi lára rí. Àpá rẹ̀ ṣì wà ní apá ọ̀tún mi.

"Bàbá, ibo la ti máa rí òrùka báyìí?" wẹ́dà bi mí.

Kí n tó dáhùn, ọ̀gá ilé ìwé ti wọlé. "Ẹ káàsán, ẹ̀yin bàbá. Ṣé ó ti ń rìn?"

Ni mo bá wí pé, "Ó ń rìn, mà. Ẹ̀gbà ọwọ́ yín ni ó kù."

Ó wò mí bí ẹni tí ń wo olè tí ó wọ agbádá. Mo ṣàlàyé. Ó bọ́ ẹ̀gbà idẹ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì jókòó.

Wẹ́dà gba ẹ̀gbà lọ́wọ́ mi, ó mú ọkọ̀ rẹ̀ kọjá lórí afárá, ó nà án sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó nira fún awakọ̀ náà láti dúró. "Ẹ yára o, ẹrù mi ń bàjẹ́!" Ní ẹ̀ẹ̀kẹfà, ọwọ́ rẹ̀ yọ́ lọ sídìí bọ́tìnnì kí ẹ̀gbà tó kàn án.

"Ẹ̀gbà dà?" ọ̀gá ilé ìwé ké láti orí àga.

Awakọ̀ tírélà na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ọmọ kíláàsì kìíní. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, obìnrin yìí ni ó ń sọ ẹni tí yóò kọjá, ọkọ̀ méjèèjì kò sì fara kanra mọ́.

Nígbà tí ó dìde, mo na ẹ̀gbà rẹ̀ sí i.

"Ẹ fi sílẹ̀, sà," ni ó wí. "Tí ẹ bá kó tábìlì yìí dé ilé ìwé ní Mọ́ńdè, kí làwọn ọmọ máa lò?"

Ó jáde. Wẹ́dà gba ẹ̀gbà náà lọ́wọ́ mi, ó yí i lọ́wọ́ díẹ̀, ó sì tún nà án sí mi pé kí n bá òun pa á mọ́ di Mọ́ńdè, kí ó má baà sọ nù lọ́wọ́ òun. Mo yọ apá ọ̀tún, mo sì gbà á bí a ti ń gba òrùka ojú irin láyé tiwa.