Ohun Tí Gbémi Fi Sínú Ulé

Gbémi Fálẹ́yẹ ti ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà l'Ékòó fún ọdún púpọ̀ kí ó tó padà sí ilé bàbá rẹ̀ n'Ìkẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ló ti ń bá ilé iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí, ṣùgbọ́n ohun tó ń fi gbogbo ọkàn ṣe ni Ulé, ìyẹn ilé lẹ́nu àwọn ará Èkìtì. Àkójọ ètò kọ̀ǹpútà ni, tí àwọn ilé ìwé ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi jí kọ̀ǹpútà àtijọ́ dìde. Inú fíláàṣì kékeré ló wà. Gbémi ló ń pinnu ohun tí yóò máa ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, àti èyí tí ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò fọwọ́ ara rẹ̀ yàn kún un láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ìlànà rẹ̀ kò le: ohun tí èèyàn díẹ̀ ń lò kò gbọdọ̀ mú kí kọ̀ǹpútà gbogbo èèyàn falẹ̀. Ìdí nìyí tó fi gbé ohùn tí ń ka ọ̀rọ̀ ojú kọ̀ǹpútà sáàárín àwọn àfikún.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ tuntun kan pè é láti Ìsẹ̀. Ọmọ́rìnsọ́lá Ajíbóyè lorúkọ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì ríran.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ohùn wà nínú Ulé. Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ó wà níbẹ̀. Ẹ ṣí Àfikún, ẹ máa rí i nísàlẹ̀, kí ẹ yàn án."

Ọmọ́rìnsọ́lá rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa rí i?"

Ìgbà yẹn ló yé Gbémi. Àwọn tó nílò ohùn yìí gan-an ni kò lè dé ibi tí òun gbé e sí.

"Ẹ má bínú," ló wí. "Ẹ fún mi láyè díẹ̀."

Fíláàṣì ti kún. Nígbà tó wo inú rẹ̀ dáadáa, ó rí i pé àwòrán tí ń ṣe ojú kọ̀ǹpútà lọ́ṣọ̀ọ́ ló gba àyè jù: òkè Olósùnta, tí òun fúnra rẹ̀ yà láàárọ̀, lọ́sàn-án, lẹ́yìn òjò. Ó fẹ́ràn wọn púpọ̀. Ó ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń mí kanlẹ̀, títí ó fi ku ẹyọ kan. Ó wá gbé ohùn náà wọlé. Ó jẹ́ kó máa sùn, kí kọ̀ǹpútà má bàa falẹ̀, kó sì jí bí èèyàn bá ti tẹ bọ́tìnì méjì pọ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sí Ìsẹ̀. Ọmọ́rìnsọ́lá tẹ bọ́tìnì nínú kíláàsì, ohùn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn ọmọ bí òyìnbó. Nígbà tó kan Bólúwadúró, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àwọn ọmọ ṣubú lórí àga.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kó pe tèmi náà."

Ọmọ́rìnsọ́lá alára ń nu omijé ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà ó tẹ ìbéèrè ìṣirò kan. Ohùn náà kà á padà, ó gbọ́ pé òun ti fo nǹkan, ó sì tún un ṣe láìpe ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ọwọ́ dilẹ̀, àwọn méjèèjì jókòó ti uṣu sísè. Ọmọ́rìnsọ́lá ń ṣàlàyé bọ́tìnì tó rọ afọ́jú lọ́rùn láti tẹ̀.

"Ẹ bá mi pinnu èyí tó kàn," ni Gbémi wí.

"Ẹ kọ́kọ́ kọ́ ohùn yẹn ní Yorùbá ná."

Iṣẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣe lọ́wọ́ nìyẹn.